Bóòtù Tàbí Sítọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ ti rí ibi tí ìkánjú àti ìmọ̀ ti ń du sípánà kan ṣoṣo rí? Mo rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìwó, tó ń de orí ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀, tí awakọ̀ tó ni ọkọ̀ sì di sípánà mú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fi bóòtù dè é! Ọ̀la ni dókítà fẹ́ rí ìyá mi l'Óṣogbo."

"Yíyí bóòtù wọlé, yíyí i jáde, ló jẹ́ kí ihò yìí gbó; bóòtù mìíràn kò ní pẹ́ tú. Sítọ́ọ̀dù tí kò lórí yóò dúró sínú irin, nọ́ọ̀tì nìkan la ó máa yí. Ó di ọ̀tunla kí n tó rí i rà."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ọmọ yìí, ṣé àlọ nìkan lo ṣètò fún ìyá rẹ ni, àbí wọn yóò bọ̀?"

Awakọ̀ náà fi sípánà sílẹ̀. Ọkọ̀ akérò ni ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ s'Óṣogbo.