Ojú Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Yíǹkì Kùn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbi tí ojú wa kò dé. Ẹ̀rí ọpẹ́ ni mo wá jẹ́, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ Ayọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ní ọdún Àjíǹde, a gbé e lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ Alájì onífọ́tò, ní Ṣakí níbí. Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú òsì rẹ̀ ń tàn funfun bí ojú ológbò. Èmi tí mo ka bàólójì ní yunifásítì, tí mo sì jẹ́ tíṣà, ni mo sọ pé fíláàṣì ló fà á. Mo ní kí Alájì fi yíǹkì dúdú kùn ún, bí wọ́n ṣe máa ń tún fọ́tò ṣe. Wọ́n kùn ún, ó rẹwà, a gbé e kọ́.

Ní ìpàdé àdúrà, ẹ̀gbọ́n mi bẹ Ọlọ́run pé ohunkóhun tó bá fara pamọ́ lára ọmọ òun, kó fi hàn. Mo ṣe àmín. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ayọ̀ pé ọdún kan, a tún ya fọ́tò. Nígbà tí mo lọ gbà á, ojú òsì tún ń tàn funfun, Alájì kò sì kùn ún.

Alájì ní, “Tíṣà, mo ti bo ojú yìí lẹ́ẹ̀kan. Lọ wo ojú ọmọ, kí o fi fíláàṣì mi sílẹ̀.”

Mo bínú, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ wo ojú ọmọ, funfun náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́; lọ́jọ́ kejì a ti wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ ni, nínú ojú òsì.

Dókítà ní àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jíìnì tó wà nídìí rẹ̀, RB ni wọ́n ń pè é. Purotéènì tí jíìnì yìí ń mú jáde dà bí olùṣọ́: bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ máa pín láìdáwọ́ dúró, òun ló ń sọ pé ó tó. A máa ń jogún jíìnì yìí kan lọ́dọ̀ bàbá, a gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Nínú ojú Ayọ̀, méjèèjì ló bàjẹ́. Mo ń sunkún, síbẹ̀ ẹnu ń yà mí. Olùṣọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo wa báyìí, a kò sì dúpẹ́ rẹ̀ rí!

Wọ́n yọ ojú òsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí Ayọ̀ wà, ojú ọ̀tún sì mọ́ kedere.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ayọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé Alájì, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Alájì bi mí bóyá kí àwọn fi yíǹkì tún ojú òsì ṣe nínú fọ́tò. Mo ní rárá. Fọ́tò náà rèé, ẹ gbé e yí ká, kí ẹ bá wa yọ̀, kí ẹ bá wa yin Olúwa. Kò sí yíǹkì kankan lójú ọmọ yìí.