Àwọn Aládùúgbò Inú Igbó Ọ̀ṣun

Nínú takisí l'Ọ́jà Ọba, èmi tí etí mi mú jù ní Òṣogbo ni wọ́n fi sáàárín ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà àti ìyá àgbà kan.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá yín yẹn, ká kọ́ fúláàtì síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun gan-an, atẹ́gùn ọ̀fẹ́."

"Ọ̀bọ inú igbó ńkọ́? Wọ́n máa ń wọlé wá gbé búrẹ́dì, èèwọ̀ sì ni, ẹnìkan ò gbọdọ̀ sọ wọ́n lókò."

"A máa fi irin sí gbogbo fèrèsé."

"Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ máa wà nínú àgò nìyẹn, tí ọ̀bọ á dúró síta máa wò yín. Má wó ilé bàbá mi."

Láti ìjọsí ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri ìlú, èmi tí wọn kì í borí lẹ́nu.