Ẹ̀jẹ̀ Mi Ò Bá Mi Rojọ́

Ta lo ra ọ̀pá yẹn fún? Bàbá yín? Gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn kó o jókòó, má tíì gòkè lọ kí wọn, wọn ò sá lọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ìrọ̀rí tèmi gan-an wà níbẹ̀. Jókòó jàre. Èmi náà fẹ́ jókòó, jẹ́ kí n di tábìlì yìí mú ná. Hẹn, ó ń dùn mí, orúnkún yìí náà ni, èwo ló tún kù.

O ò tiẹ̀ bi mí. O wọlé, o ní, "Ẹ kú ilé, mà, orúnkún bàbá ńkọ́?" Orúnkún bàbá. Orúnkún ta ló ń dùn ún látìgbà tó o ṣì ń lọ sílé ìwé? Ta ló ń dúró lọ aṣọ aláṣọ nílé ìfọṣọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ooru áyọ́ọ̀nù ń fẹ́ lu ojú ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú tí bàtà ò ní gbà á mọ́? Bàbá yín, bàtà ni wọ́n ń tún ṣe ní tiwọn, orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí, ohun tó ń gbé wọn dìde ò ju oúnjẹ lọ.

Èmi ni mo ní kí n lọ sọ́síbítù. Èmi ni. Wọ́n ní àwọn dókítà ń wá àwọn tí orúnkún ń dùn, pé àwọn fẹ́ mọ irú èyí tó ń ṣe kálukú. Bàbá yín kàn sìn mí lọ ni. Wọ́n bá mi gbé báàgì, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà. A débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní àwọn tún ń wá ẹni tí orúnkún ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, káwọn lè fi ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wé tàwa aláìsàn. Kí ni bàbá yín ṣe? Wọ́n ká apá aṣọ sókè. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó lásán lójú àwùjọ. O ṣáà mọ̀ wọ́n.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n gba ìtọ̀ wa, wọ́n ya fọ́tò egungun wa. Ìgbà tá a padà lọ gbọ́ èsì, dókítà kan, ọmọbìnrin, ọmọ tó lè jẹ́ àbúrò ẹ, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣàlàyé dáadáa. Ó ní orúnkún tó ń dunni, kì í ṣe oríṣi kan. Ó ní nǹkan rírọ̀ kan wà tó bo orí egungun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, tí nǹkan ọ̀hún bá ti ń jẹ, èérún ẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ibẹ̀ làwọn ti ń rí i. Ó ní àwọn kan wà tí tiwọn ń yára jẹ, àwọn kan wà tó jẹ́ wíwú ló ń bá wọn jà, àwọn kan sì wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn dákẹ́, tí kò fi nǹkan kan hàn. Oògùn tuntun táwọn ń dán wò, àwọn tí tiwọn ń yára jẹ nìkan ló wà fún.

Ẹ̀jẹ̀ èmi, ó dákẹ́. Gbogbo kíkérora tí mò ń kérora lórí àtẹ̀gùn ilé yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ò gbọ́, kò rí nǹkan kan, kò lè bá mi rojọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta ló wá ń pariwo? Ti ẹni tó sìn mí lọ.

Ẹni tí nǹkan kan ò dùn rí. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, ọ̀kan náà ni. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó ní ó dáa báwọn ṣe tètè rí i. Èmi náà ní ó dáa. Kí ni kí n wí? Ọkọ mi ni, ṣé màá gbàdúrà kí orúnkún wọn bàjẹ́ ni? Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ọ́fíìsì yẹn. Ìgbà tá a máa jáde, wọ́n ti ń tiro. Wọ́n fara tì mí. Èmi ni mo gbé báàgì bọ̀ wálé.

Látọjọ́ yẹn ni wọn ò ti sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn o, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ohun tó kù. Mo gbé oúnjẹ gòkè, mo gbé omi gòkè, wọ́n gbàgbé dígí ojú wọn sí ìsàlẹ̀, mo tún padà. Àwọn ará ilé kejì ń wá kí wọn, èmi ń gbé àga. Tí mo bá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, wọ́n á wò mí tàánútàánú, wọ́n á ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣebí dókítà ní kò sí nǹkan nínú tìẹ." Irọ́ ni. Ohun tí ọmọ yẹn sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ mi dákẹ́, ó ní ìrora mi kì í ṣe àròsọ, ó ní kí n dín ìdúró kù, kí n máa na ẹsẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nínú ilé yìí?

Ṣé o ń gbọ́ wọn? Wọ́n ń pè mí. Jẹ́ kí wọ́n máa pè.

Kí lo wí? Kí lèmi alára sọ nígbà tí wọ́n bi mí? Hẹn. O ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló bi mí. Àárọ̀ kùtù ni, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Orúnkún yín ńkọ́, mà?" Èèyàn kí mi, mo dáhùn. Mo ní a dúpẹ́, ó ń sàn. Ṣé kí n máa ka ẹjọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ létí láàárọ̀ ni, kó dà bíi pé mi ò moore? Ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora náà. Mo ní kó jẹ́ méjì. Má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ dákẹ́, ẹnu náà dákẹ́, ta ló máa wá bá mi sọ ọ́?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Tá a bá ń padà lọ sọ́síbítù, ìwọ lo máa bá mi wọlé, kì í ṣe bàbá yín. Màá sọ ọ́. Màá sọ pé mi ò lè dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdi ògiri mú. Màá sọ pé tí kò bá sẹ́ni tó ń wò mí, ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí, bí ọmọ tí ò tíì mọ ìrìn. Bẹ́ẹ̀ ni. O ò mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, ó rẹ̀ mí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Nu ojú ẹ, kí wọ́n má baà rò pé àwọn lò ń sunkún fún. Gbé ọ̀pá yẹn wá kí n wò ó. Kò kúkú ga jù fún mi.

Ó yá, bi mí. Ṣe bíi nọ́ọ̀sì yẹn, jókòó dáadáa kó o bi mí bó ṣe bi mí, jẹ́ kí n fi kọ́ra. Mo ti múra. Bi mí.

A dúpẹ́ o, ọmọ mi, ó ń sàn...

Yéè. Ẹ̀rín á pa mí lónìí. Ó ti o, dúró ná, jẹ́ kí n mí. Tún bi mí.