Alhaji Kò Sọ Lẹ́tà Ọmọ Mi Nù

“Màámi, èmi ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti parí o. Orúkọ tí ẹ bà jẹ́ ní gbangba, ẹ ò lè tún un ṣe nínú yàrá. Bí ẹ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á pa yín lára ju bó ṣe pa mí lára lọ.”

Títílayọ̀, ọmọ mi obìnrin, ló kìlọ̀ fún mi báyìí ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Nọ́ọ̀sì ni Títílayọ̀, níbí ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ wọn, kì í jẹun. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á máa wo ilẹ̀. Àyà mi ń já. Àbúrò mi tó jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ọmọ ìjọ títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi dá a dùbúlẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ gba oyè kejì ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa àlàáfíà ọkàn àti ìtọ́jú ẹ̀mí fún àwọn tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Èmi gbọ́ “ran ènìyàn lọ́wọ́”, n kò gbọ́ ìyókù. Mo rò pé ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n tún fẹ́ dì lé e lórí. N kò bi í ní ìbéèrè kejì.

Ilé ìwé náà fẹ́ lẹ́tà ẹ̀rí láti ọwọ́ pásítọ̀ wa, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí òǹtẹ̀ ìjọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Títílayọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀, ló bá ní kí n bá òun fi rán Alhaji Ràṣídì ní gáréèjì Kuto. Awakọ̀ ni Alhaji, ọmọ Òwu, ó ń ná Kuto sí Ìbàdàn. Gbogbo àdúgbò wa ló ń fi ẹrù rán an. Bí o bá ti kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára ẹrù, ó parí.

Mo dé Kuto ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Mo fún un ní àpò gaàrí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́tà wà nínú báàgì mi. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. N kò yọ ọ́. Mo gbé e padà sílé, mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi.

Nígbà tí lẹ́tà kò dé, tí ọjọ́ Ẹtì sì kọjá, Títílayọ̀ bi mí. Mo ní, “Mo fún Alhaji.”

Alhaji búra pé gaàrí nìkan ni òun gbà. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn èrò gáréèjì rí i tí mo na nǹkan sí i. Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ. Bí o bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé ìpàdé, mà á kọ márùn-ún. Wọ́n ní, “Ìyá Títí kì í ṣì í.”

Bí àdúgbò ṣe kẹ̀yìn sí Alhaji nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ẹrù rán an mọ́. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ajẹ-lẹ́tà. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: “Ajẹ-lẹ́tà, ṣé o ti jẹun àárọ̀ àbí ká bá ẹ wá bébà?” Mo gbójú sápá kan, mo wọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Mo ti bú ara mi.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ju ìbẹ̀rù mi lọ! Lọ́dún kejì, pásítọ̀ kọ lẹ́tà mìíràn, Títílayọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Wọ́n gbà á wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Àṣé àwọn olùrànlọ́wọ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà fún, bí wọn kò ṣe ní ṣubú sábẹ́ ẹrù tí wọ́n ń gbé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọmọ mi ni wọ́n kọ́ ọ láti ṣẹ́gun, èmi sì dí i lọ́nà fún ọdún kan gbáko. Ó ń jẹun báyìí, ó sì ń bu kún un. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ń kó àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù jọ, wọ́n á sọ tinú wọn, wọ́n á sunkún, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi pàápàá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkìlọ̀ yẹn, Títílayọ̀ ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi yín dánra wò. Ẹrù wo lẹ ń gbé tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnì kankan?” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú mi. Mo ṣí àpótí, mo gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Ó rí òǹtẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó kìlọ̀ fún mi, àwa méjèèjì lọ sí Kuto. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo awakọ̀, mo jẹ́wọ́. Alhaji gba lẹ́tà, ó gbé e sókè. “Ẹ wá wò ó o! Lẹ́tà tí mo jẹ rèé! Àṣé inú àpótí Ìyá Títí ni ikùn mi wà látọjọ́ yìí!” Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó fún un lórúkọ burúkú yẹn ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni Alhaji wá wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ìyá Títí, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Kì í sì í ṣe gáréèjì nìkan ló gbọ́ ọ.”

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa ìgbà yẹn ti kó lọ sí Èkó, àwọn kan wà ní Wásinmi, n kò mọ ilé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó sọ pé Alhaji Ràṣídì ti Kuto sọ lẹ́tà nù, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Èmi, ìyá Títílayọ̀, ni n kò fún un.