Ohun Tó Ń Súfèé Nínú Ọkọ̀ Wa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá sí ilé rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ará Osi, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Tólú tó ń wa bọ́ọ̀sì oní-dísẹ́ẹ̀lì, tó ń kó èrò lọ sí Ìlọrin. Kíndìnrín ìyàwó mi, Fúnmiláyọ̀, ti kọṣẹ́. Ìlọrin la ti máa ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí a bá pẹ́ jù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ara rẹ̀, kò ní lè mí dáadáa. Ọkọ̀ yẹn ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ dání.

Ọkọ̀ ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ gun òkè, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, agbára á lọ, á wá máa wọ́ bí arúgbó. Tí mo bá pa á, tí mo tún tàn án, á gbìyànjú díẹ̀, á tún dákú. Mẹkáníìkì wa níbí ní fítà tó ń sẹ́ epo ni, a pààrọ̀ fítà. Ó ní nọ́súlù tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì ni, a fọ nọ́súlù. Kò gbọ́. Inú bí mi débi pé mo ń bá irin jà.

Ìyá ìyàwó mi, ará Obbo-Ile, aládùúrà gidi, kò fẹ́ràn ìfé tí ọkọ̀ yẹn máa ń sú. Mo ṣàlàyé fún un pé tọ́bò ni, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Màmá ní ohun tó bá ń súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí a gbé aláìsàn, ọ̀tá ni. Torí náà, kí a tó gbéra, á ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gbàdúrà, á sì da òróró olífì sí ibi tí ìfé yẹn ti ń jáde. Èmi náà ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kan, nínú òjò, agbára ọkọ̀ tán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kí a tó dé Odo-Owa. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti wú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó di apá mi mú, ó ní kí n má jẹ́ kí Màmá rí òkú òun lójú ọ̀nà. Mo bọ́ sínú òjò, mo ń juwọ́ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Lọ́ọ̀rì oníṣu kan tó ń bọ̀ láti Koro ló gbé e sí ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà, Ọlọ́run sì jẹ́ kó dé ọsibítù láàyè.

Wọ́n fa ọkọ̀ mi lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìlọrin, Alhaji Sàká. Ó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà ní atẹ́gùn tí tọ́bò ń fẹ́ ti pọ̀ jù, kí ẹ́ńjìnnì má baà fọ́ ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń gé agbára. Gbogbo wa rò pé ó kéré ni, àṣé ó pọ̀ jù ni. Alhaji ò sáré pààrọ̀ tọ́bò. Ó yẹ hóòsì tí atẹ́gùn ń gbà wò, kò jò. Ó wá fọwọ́ ti irin kékeré tó máa ń ṣí kí èéfín gba ibòmíràn jáde tí atẹ́gùn bá ti tó. Irin náà ò mì, kò ṣí mọ́, atẹ́gùn kàn ń pọ̀ sí i. Ohun dúdú kan ti gan mọ́ ọn lára bí ìdí ìkòkò tó jóná. Ó ha á, ó bi mí pé kí la ń dà síbẹ̀. Òróró wa ni, òun àti eruku ọ̀nà wa, ooru ti sè é papọ̀. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé iná ò tíì sọ pẹ̀lú wa nínú ọkọ̀.

Bí mo ṣe sọ fún Màmá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tólú, ṣé àdúrà mi ló fẹ́ pa ọmọ mi?"

Mo ní rárá, àdúrà kọ́, òróró ni. Ó sunkún títí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ níwájú ìjọ, nítorí ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń dà á sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín. Orí ọmọ ènìyàn ni kí ẹ máa da òróró sí, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

Irin náà ti ń mì. Lánàá, nígbà tí a lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, ọkọ̀ gun òkè yẹn láìdúró. Kíndìnrín ò tíì sàn, mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà láàyè. Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ kàn jọ̀wọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má sì kọrin sókè. Ó rẹ̀ ẹ́ láti àná. Ó ti sùn lọ sí èjìká Màmá lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn, ó sì ń mí dáadáa.