Ẹ̀jẹ̀ Sani Lára Ìyàwó Mi

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ìyàwó kan náà lẹ́ẹ̀mejì! Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Halima, Mummy Tóbi. Ọmọ Kánò ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn nínú ẹbí wọn nìyẹn. Òun náà, Sani, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ fi í fún kó tó ní èmi Dèjì lòun máa fẹ́.

Nígbà tí oyún wa kejì pé oṣù méje, dọ́kítà ní ibi ọmọ ti dí ọ̀nà, àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Ó tún ní antibodies, àwọn ohun tó máa ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àjèjì, wà nínú ẹ̀jẹ̀ Halima. Ohun kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, kò sí nínú tirẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní ẹ̀jẹ̀ tiwa, ara rẹ̀ á bá a jà, ó sì lè kú.

Mo na apá mi. "Dọ́kítà, ẹ gba tèmi."

Ó ní, "Rárá o, sà. Ẹbí rẹ̀ ni ká wá. Níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn báyìí, ẹlòmíì lè wà tó ní irú rẹ̀."

Halima ní, "Sani wà ní Elephant and Castle, kò jìnnà síbí."

Ha! Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Sani wà ní London níbí! "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mummy mi ló sọ fún mi. Daddy Tóbi, ṣé ìyẹn ló kàn báyìí?"

Sani wá. Ó ga jù mí lọ, ó tún rẹwà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a sì ń dúró de èsì. Ẹ gbọ́ àdúrà tí mò ń gbà nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane: "Olúwa, má jẹ́ kó bá a mu. Wá ẹlòmíì." Ìyàwó mi ń kú lọ, èmi ń yan ẹni tó máa gbà á là fún Ọlọ́run!

Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà yẹn. Ó bá a mu rẹ́gí, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ Sani pa mọ́ de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pe Sani ní star. Èmi tí mò ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ ìyàwó mi lálaalẹ́, ta ló pè mí ní star?

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi àti Sani jókòó síta. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo bi í pé, "Ṣé o ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Dèjì, tí nọ́ọ̀sì bá jáde, ìwọ ló máa pè."

Nọ́ọ̀sì jáde lóòótọ́. "Daddy!" Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ Sani sí i lára. Ìyá yè, ọmọ yè! Mo di ọwọ́ Sani mú, a jọ wọlé.

Sani náà ló jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún yẹn. Mùsùlùmí ni, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá. Tí òun àti Halima bá ń sọ Hausa, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì máa ń ta mí lára o. Ẹ máa gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi rèé, ọmọbìnrin mi rèé, wọ́n ń mí! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Ọlọ́run!