Ìṣó Tí Àbẹ̀kẹ́ Wọ̀n

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó di ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ọ̀yọ́, mo pàdé ẹni tí mo ṣẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Tíṣà ni mí. Nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ká má purọ́, kò yé mi tó. Ṣe ni mo máa ń há ìwé sórí kí n tó wọ kíláàsì.

Lọ́jọ́ kan, mo ní bí irin bá dípẹtà, ṣe ló ń fúyẹ́, torí ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Mi ò kà á níbì kankan. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ọ̀yọ́, lọ mú ìṣó tuntun díẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n wa, ó fi aṣọ tútù wé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sá a gbẹ, ó tún wọ̀n ọ́n.

“Sà, ó wúwo sí i.” Níwájú gbogbo kíláàsì ló ti sọ ọ́.

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà, mo sì lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun pírínsípà pé èrú ló ṣe. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe.

Ní Sátidé, èmi nìkan lọ wọ̀n ìṣó náà, mo sì fi wé ìṣó tuntun irú kan náà tí iye wọn dọ́gba. Òótọ́ ló sọ. Mo tú ìwé, mo wá rí i pé irin tó ń dípẹtà ń gba nǹkan mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ohun tó gbà mọ́ra yẹn ló fi ń wúwo. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dun mí jù nìyí. Ní Mọ́ńdè, bàbá rẹ̀ wá bá mi nílé, nítòsí Ọjà Igbó. Àgbàlagbà náà dọ̀bálẹ̀ fún èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

“Ẹ bá mi dárí jì í, tíṣà. Kì í purọ́ nílé.”

Mo ti mọ òótọ́ nígbà yẹn. Mo ní, “Bàbá, ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àbẹ̀kẹ́ kò parí ìwé. Aránṣọ ni báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, bí mo ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ó sáré jáde wá kúnlẹ̀. “Ẹ kú àtijọ́ o, sà!” Ó kọjú sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. “Tíṣà mi nìyí. Mo ṣi nǹkan wọ̀n nígbà kan, mo tún ń bá wọn jiyàn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi kí n mọ̀wọ̀n ara mi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo bá tèmi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá padà lọ sọ fún un, mo lè tú ọgbẹ́ tó ti jinná. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò gbà títí ayé pé òun ni kò mọ nǹkan wọ̀n.